Ewé Tí Àsíátù Kò Gbọdọ̀ Fọwọ́ Kàn

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó sì sọ ọ́ kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó là á jáde lẹ́nu. Ọjọ́ kẹjọ tí Wàhábì kú ni. Wọ́n ti ṣe àdúrà fídáù tán, àwọn èèyàn ti jẹ, wọ́n ti mu, wọ́n sì ti ń di èyí tó ṣẹ́ kù sínú ọ̀rá lọ sílé wọn láìtijú, bí a ti ń ṣe é ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àsíátù, ìyàwó olóògbé, yọ́ bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé nítorí ariwo. Níbẹ̀ ni ìkòkò rosimẹ́rì ọkọ rẹ̀ wà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí búlọ́ọ̀kù. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa wọ́n lórí, ó dúró díẹ̀, ó sì padà wọlé wá jókòó sórí ẹní rẹ̀.

Àlájà Ràmọ́tà ló jókòó tì í, ẹ̀gbọ́n Wàhábì lobìnrin, àgbàlagbà tí gbogbo ilé ń bẹ̀rù. Àlájà fa imú, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì gbá ọwọ́ Àsíátù mú, ó gbé e sí imú ara rẹ̀.

"Kí ló ń ta sánsán lọ́wọ́ rẹ báyìí, ìyàwó mi?"

"Ewé Àlájì ni, Màmá. Rosimẹ́rì yẹn."

"Ìwọ ò mọ̀ pé opó kì í lo lọ́fíńdà ni?"

"Ewé ni, Màmá. Kì í ṣe lọ́fíńdà."

"Ohun tó bá ti ń ta sánsán lára opó, lọ́fíńdà ni. Má fọwọ́ kàn án mọ́ títí o ó fi jáde. Má jẹ̀ẹ́ kí àwọn ará ìlú fi àbúrò mi ṣe ẹlẹ́yà nínú sàréè."

Ó wí bẹ́ẹ̀ tán, ó yíjú, ó béèrè bóyá mọ́ínmọ́ín ṣì kù. Lẹ́nu tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Nínú Àsíátù, ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin Mùsùlùmí tí ọkọ rẹ̀ bá kú, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni yóò fi wà nínú opó. Kò ní ṣoge, kò ní lé tìróò, kò ní fín lọ́fíńdà, ilé ọkọ rẹ̀ ni yóò sì máa sùn. Àsíátù ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ta ló fẹ́ lé tìróò? Ta ló fẹ́ ṣoge fún ta ni? Gbogbo òfin opó yòókù kò nira fún un rárá, ó tilẹ̀ lè fi ọdún méjì ṣe é bí wọ́n bá ní kó ṣe é. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò kà sí òfin, tí Àlájà Ràmọ́tà fi ẹnu ara rẹ̀ dá sílẹ̀ láàárín fídáù àti mọ́ínmọ́ín, òun gan-an ló gún un lọ́kàn.

Ẹni tó bá fẹ́ béèrè pé kí ló dé tí kò ránṣẹ́ bi Ààfáà, kó jọ̀ọ́ rọra ná. Ọkọ rẹ̀ kò tíì pẹ́ nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ló sọ̀rọ̀. Ìyàwó tó bá sì dìde nírú àkókò bẹ́ẹ̀, tó lọ ń bi Ààfáà pé ṣé òun lè máa ta sánsán, kí ni ẹ rò pé wọn ó pè é? Ó tún ku ohun kan tó wúwo ju ẹnu ìlú lọ. Àsíátù ń bẹ̀rù pé bí opó òun bá ní àbùkù, ara lè má rọ Wàhábì níbi tó wà. Ìyẹn ló pa á lẹ́nu mọ́.

Wàhábì kì í ṣe àgbẹ̀ o. Rédíò ló ń tún ṣe, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan ní ọjà Òkè-Ajé, títí ojú rẹ̀ fi ń ṣe bàìbàì, tí àwọn èèyàn náà sì ń ju rédíò tó bá bàjẹ́ nù. Nígbà tó padà sílé pátápátá, kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó tú fáànù tí kò bàjẹ́. Ó tú aago ara ògiri, kò sì rí i tò padà. Àsíátù, tó ń ta abọ́ àti báfù oníke nínú ọjà kan náà, á dé nírọ̀lẹ́ bá wáyà láti pálọ̀ títí dé ilé ìdáná, á sì figbe bọnu pé kí Ọlọ́run bá òun mú ọkùnrin yìí.

Azeemah, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ló mú rosimẹ́rì wọlé. Ó wá láti Kánádà lọ́dún kan, ó rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó létí títì, ó ní ó ń mú irun hù, pé omi rẹ̀ ni gbogbo ọmọbìnrin ayé ìsinsìnyí fi ń fọ orí. Ó fọ orí tirẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ìsinmi rẹ̀ parí, ó padà síbi iṣẹ́, ó fi ìkòkò náà sílẹ̀ lẹ́bàá kànga. Wàhábì, tí orí rẹ̀ ti pá láti ìgbà tí Azeemah ti wà ní jẹ́léósinmi, gbọ́ pé ó ń mú irun hù, ojú rẹ̀ là.

Àsíátù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ọkùnrin náà kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó wọ orí fóònù, ó ń wo àwọn òyìnbó tó ń gbin rosimẹ́rì, ó sì kọ́ ọ pé ewé náà kò fẹ́ kí omi dúró sí ìdí rẹ̀ rárá. Ó lu ihò sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ó ṣa iyanrìn tí àgbàrá kó wá síwájú ilé, ó pò ó mọ́ erùpẹ̀. Ó gé ẹ̀ka tútù, ó já ewé ìdí rẹ̀ kúrò, ó kì í bọ inú iyanrìn náà, ó sì ń ṣọ́ ọ láràárọ̀. Méjì kú, mẹ́ta yè, ìkòkò kan di mẹ́rin. Bí òjò bá ṣú, á gbé wọn wọ abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí oòrùn bá yọ, á tún gbé wọn jáde bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́. Òjò Ìjẹ̀bú kì í ṣe òjò tí èèyàn ń bá ṣeré, nítorí náà gbígbé yìí pọ̀.

Láàárọ̀, lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ, tí oòrùn kò sì tíì le, á mú sísọ́ọ̀sì, á gé orí àwọn ẹ̀ka tó ti gùn. Bó bá ti gé orí ẹ̀ka kan, méjì ni yóò hù padà níbẹ̀, ewé á sì ṣù. Á fi òwú di èyí tó gé ní ìdì kéékèèké, á fi wọ́n kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí oòrùn kò dé, títí wọn ó fi gbẹ. Á wá jókòó, á ha ewé kúrò lára igi sínú agolo. Ó ń fi sínú tíì. Ó ń fi sí orí ẹja tó bá fẹ́ yan. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kó tó lọ kírun, á fi omi rẹ̀ pa orí pípá rẹ̀. Irun kankan kò hù. Àwọn ọkùnrin mọ́ṣáláṣí fi í ṣe yẹ̀yẹ́ débi pé ó di orúkọ mọ́ ọn lára: Àlájì Rosimẹ́rì.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé ọwọ́ rẹ̀ ń ta sánsán láti àárọ̀ dalẹ́. Bí Àsíátù bá ti ọjà dé, tí ẹsẹ̀ ń dùn ún, tí orí ń fọ́ ọ, ọkùnrin náà á na àtẹ́lẹwọ́ sí i nímú. "Gbọ́ ọ, Ìyá Azeemah." Àsíátù á gbá ọwọ́ náà dànù, á ní kó jẹ́ kí òun sinmi. Kò jẹ́ sọ fún un lọ́jọ́ kan pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ó máa ń dùn ún báyìí, kì í ṣe díẹ̀, pé òun kò sọ.

Ìgbà tí òjò ń múra ni Wàhábì ṣàìsàn, kò sì pẹ́ lórí rẹ̀. Ewé tó ti gbẹ sínú agolo, òun ló ń mu títí tó fi tán. Nígbà tó kú, àwọn ẹbí ṣe bí ẹbí ti ń ṣe: wọ́n pín aṣọ rẹ̀, wọ́n pín fìlà rẹ̀, wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ síta sínú oòrùn, wọ́n fi oògùn apakòkòrò fọ yàrá náà títí ó fi ń rùn bí ọsibítù. Oore ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe. Àsíátù wọ yàrá náà lálẹ́, ó fa imú káàkiri bí ẹni tó sọ nǹkan nù, kò rí nǹkan kan gbọ́. Ohun tó kù nínú ilé tó tún lè mú òórùn ọkọ rẹ̀ wá fún un kò ju ìkòkò mẹ́rin tó wà ní ẹ̀yìnkùlé yẹn lọ. Àwọn náà ni wọ́n ní kó má fọwọ́ kàn.

Ó gbà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ó dúró. Bí òun bá ti jáde opó, òun ó mú sísọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ náà, òun ó gé e, òun ó fi pa ọwọ́, òun ó sì tún gbọ́ òórùn Wàhábì. Kí ewé náà sáà ti má kú. Ohun tó ń bẹ Ọlọ́run fún lẹ́yìn ìrun nìyẹn, ó sì ń tijú rẹ̀, nítorí opó tó yẹ kó máa tọrọ àforíjì fún òkú, rosimẹ́rì ló ń bá tọrọ ẹ̀mí.

Ilé dákẹ́. Àwọn èèyàn tó ń wọlé wọ̀ọ́rọ́wọ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ti wábi gbà. Ṣọ́ọ̀bù oníke ti di ti ẹlòmíràn láti èṣí. Àsíátù á se ọbẹ̀ tó tó èèyàn méjì jẹ, á fi ọjọ́ mẹ́ta jẹ ẹ́. Á tan tẹlifíṣọ̀n kí ohùn èèyàn sáà lè wà nínú ilé, á sì máa dá wọn lóhùn. Azeemah ń pè é ní gbogbo Sátidé.

"Màámi, ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, ọkọ mi."

"Ẹ ń sùn dáadáa?"

"Mò ń sùn."

"Kí lẹ fẹ́ kí n fi ránṣẹ́?"

Kí ni yóò ní òun fẹ́? Ó ní kó má ṣèyọnu. Nígbà kan ó fẹ́ sọ fún un nípa ewé, ó la ẹnu, ó gbọ́ tí ọmọ náà ń bá ẹlòmíràn sọ èèbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, ó pa ẹnu dé. Ó kàn sọ pé òjò ti ń rọ̀.

Òjò sì ń rọ̀ lóòótọ́. Ó ń rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ó ń dá díẹ̀, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Àsíátù dúró lójú fèrèsé ilé ìdáná, ó ń wo bó ti ń lu ewé náà mọ́ ara ìkòkò. Ta ni yóò gbé wọn wọlé? Ó fi aṣọ ìnura wé ọwọ́ méjèèjì, ó gbé ọ̀kan wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ewé fi ara kàn án láyà, òórùn rẹ̀ mú ibòrí rẹ̀. Ẹ̀rù bà á débi pé ó bọ́ ibòrí náà, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó tún wẹ̀, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó gbìyànjú láti fi igi ìgbálẹ̀ ti èkejì. Ìkòkò náà yí kúrò lórí búlọ́ọ̀kù, ó fọ́ yángá. Gbòǹgbò rẹ̀ sùn sínú òjò níbẹ̀, Àsíátù kò sì lè ṣe nǹkan kan sí i.

Nígbà tí Àlájà Ràmọ́tà wá kí i, Àsíátù fi ọgbọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun gbé méjì tó kù wọ abẹ́ òrùlé.

"Orúnkún mi yìí?" ni Àlájà wí. "Ìwọ náà, ìyàwó mi, ewé lò ń rò? Ẹni tó gbìn ín ti lọ. Gbà fún Ọlọ́run."

Àsíátù bu omi fún un mu, ó sìn ín dé ẹnu géètì, ó sì padà wá sunkún nínú ilé ìdáná. Inú ń bí i. Kì í sábà bínú sí àna rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó bínú sí i, ó sì tún tọrọ àforíjì fún ìbínú náà. Àforíjì títọrọ kì í tán lẹ́nu opó.

Kí oṣù kẹta tó parí, dúdú ti bẹ̀rẹ̀ láti ìdí àwọn méjì tó wà nínú òjò. Ewé wọn ń rọ, ó ń já bọ́ sórí búlọ́ọ̀kù. Bó bá jẹ́ Wàhábì ni, ì bá ti gé gbogbo ẹ̀ka tó rà dànù kíákíá, ì bá tú iyanrìn gbígbẹ sí ìdí wọn. Àsíátù mọ gbogbo rẹ̀, torí ó ti wò ó ṣe é. Ó ń wò wọ́n kú láti ojú fèrèsé. Èyí tó wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan ló ṣì tutù. Ṣùgbọ́n nítorí tí kò sẹ́ni tó ń gé e lórí, ó gùn gbọọrọ, ó pá láàárín, ewé tó ní kò ju ti òkè lọ. Àsíátù ń fi ife bu omi díẹ̀ sí ìdí rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó sì ń kí i láàárọ̀. Kó má baà dàbí pé orí rẹ̀ dàrú, ó máa ń wo ògiri kó tó kí i.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kó jáde, Ààfáà Abdulhakeem wá sílé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kírun fún wọn ní àdúgbò, láti bá wọn ṣètò àdúrà. Àlájà Ràmọ́tà náà wá. Wọ́n sọ̀rọ̀ sàráà, wọ́n sọ̀rọ̀ àsìkò. Nígbà tí Ààfáà fẹ́ dìde, ó ní bóyá Ìyá ní ìbéèrè.

Àsíátù tún ibòrí rẹ̀ ṣe. "Ìkan ni, Ààfáà. Lọ́jọ́ tí mo bá jáde, ṣé mo lè gé rosimẹ́rì láàárọ̀, àbí kí n dúró di ẹ̀yìn ìrun ọ̀sán?"

"Rosimẹ́rì? Ewé Àlájì?" Ààfáà rẹ́rìn-ín, nítorí òun náà wà lára àwọn tó ń fi Wàhábì ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìgbàkígbà ni, Ìyá. Kí ló dé tí ẹ dúró di ìgbà tí ẹ bá jáde?"

"Mo gbọ́ pé lọ́fíńdà ni."

Ẹ̀rín lọ lójú Ààfáà. "Ìyá, lọ́fíńdà tí èèyàn ń fi ṣoge ni wọ́n ní kí opó má lò. Ẹ ń tọ́jú ọgbà ilé yín, ẹ ó sì fọ ọwọ́ yín bí ẹ bá ṣe tán. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má fọwọ́ kan ohun ọ̀gbìn. Ẹ ì bá ti ránṣẹ́ bi mí láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ta ló sọ fún yín?"

Àlájà Ràmọ́tà ń wo ẹní tó jókòó lé. Fáànù ń yí lókè, ojú Ààfáà wá lọ sọ́dọ̀ Àlájà, ó sì mọ̀.

Àsíátù dìde. Kò tọrọ gáfárà, kò wẹ̀yìn. Ó mú sísọ́ọ̀sì lára ìṣó ilé ìdáná, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gé ẹ̀ka kan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lọ̀ ọ́, ó gbé e bo imú, ó di ojú.

Ó ta sánsán. Ó ta sánsán dáadáa, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n rosimẹ́rì ni. Ọwọ́ Wàhábì kọ́ ló gbọ́. Ọwọ́ Wàhábì ní òórùn òjé tó fi ń lẹ wáyà rédíò nínú, ó ní òógùn, ó ní tábà tó rò pé òun ń mu ní ìkọ̀kọ̀, tí Àsíátù sì mọ̀. Kò sí ìkankan nínú wọn níbí yìí. Bóyá ká ní wọ́n jẹ́ kó máa gbọ́ ọ lóṣù àkọ́kọ́, nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń rí ọkùnrin náà ní gbogbo igun ilé, ọkàn rẹ̀ ì bá bá a fi ìyókù kún un. Kò lè mọ̀ mọ́ láé. Ó gé òmíràn, ó lọ̀ ọ́. Ó gé òmíràn. Rosimẹ́rì tí èèyàn bá gé wọ inú igi tí kò léwé kì í sábà rú mọ́, Àsíátù sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń gé e lọ. Ewé ń já sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń tẹ̀ wọ́n.

Àlájà Ràmọ́tà ti jáde wá, orúnkún tòun ti ìrora rẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ewé tó wà nílẹ̀.

"Ìyàwó mi," ló wí, ohùn rẹ̀ sì kéré, "o ti gé e tán."

"Mo mọ̀, Màmá," ni Àsíátù wí. Kò gbé ọwọ́ kúrò ní imú. "Kò sí níbẹ̀."